Máratọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ yín: ohun tó yẹ kí ará Ọgbà mọ̀ nípa òógùn, omi àti iyọ̀

Tí ẹ bá jáde sí Acme Road ní Ọgbà ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Sátidé, ẹ máa rí wọn. Ẹnì kan wọ bàtà eré tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ, ẹnì kan wọ jẹ́sì bọ́ọ̀lù, ẹlòmíì so fóònù mọ́ apá. Wọ́n ń sáré lọ sí apá Agidingbi kí àwọn tírélà tó gba ojú títì. Tí ẹ bá bi wọ́n pé kí ló ń lé wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn á ní, "Lagos Marathon ni o!"

Ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ sá Lagos City Marathon. Iwájú National Stadium ní Surulere ni wọ́n ti ń gbéra, wọ́n á gba orí Third Mainland Bridge, wọ́n á sì parí sí Eko Atlantic ní Victoria Island. Kìlómítà 42.195 ni gbogbo rẹ̀. Oṣù Kejì náà ló sì máa ń bọ́ sí lọ́dọọdún.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń múra fún un ní àdúgbò wa ni kò tíì sá ju kìlómítà 10 lọ rí. Àwọn kan ń ṣe ṣíìfù ní ilé iṣẹ́, àwọn kan ń kàwé, àwọn kan ń tajà ní Pen Cinema. Wọn ò ní kóòṣì. Ohun tí wọ́n ní ni fóònù, ìfẹ́ ọkàn, àti ètò ìdárayá tí wọ́n rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó jẹ́ pé ará ìlú òtútù ló kọ ọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò pẹ̀lú sáyẹ́ǹsì.

Eré méjì ló wà nínú eré kan

Abraham Kiptum, ọmọ Kenya, ló gba ipò kìíní ní ọdún 2016. Wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 16 ló lò. Ká sọ pé eré bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Ẹni tó bá sáré bẹ́ẹ̀ á ti parí kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Á ti wẹ̀, á ti jẹun, oòrùn ò tíì mú.

Àwa ńkọ́? Ẹni tó ń sá máratọ́ọ̀nù fún ìgbà àkọ́kọ́ sábà máa ń lo wákàtí 5 sí 6. Ìyẹn ni pé aago méjìlá ọ̀sán máa bá a lójú títì, lórí ọ̀dà tó ti gbóná, níbi tí kò ti sí igi kankan. Ẹni tó kẹ́yìn ló pẹ́ jù nínú oòrùn. Torí náà, ẹ má ṣe rò pé eré tí olúborí sá náà lẹ fẹ́ sá, tó wá jẹ́ pé tiyín kàn lọ́ra díẹ̀ ni. Eré ọ̀tọ̀ ni. Ìmúra rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ yàtọ̀.

Ara wa dà bíi jẹnẹrétọ̀

Kò sí ará Ọgbà tí kò mọ jẹnẹrétọ̀. Ẹ da epo sí i kó lè fún yín ní iná, ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ kan ara rẹ̀ wò: ó ń jó yín lọ́wọ́. Apá tó pọ̀ jù nínú epo yẹn, ooru ló yà sí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ara wa. Nínú agbára tí iṣan ń jó nígbà tí a bá ń sáré, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń ṣiṣẹ́ eré. Ìdá mẹ́ta tó kù, ooru ni. Ara sì gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà lé ooru yìí jáde, torí tí ìwọ̀n ooru inú ara bá kọjá 40°C, ewu dé.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Èèyàn máa ń jó nǹkan bíi kálórì 1 (irú èyí tí wọ́n ń kọ sára páálí oúnjẹ) fún kìlógíráàmù ara kọ̀ọ̀kan, ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá wọn kìlógíráàmù 70, tí ẹ sì sá kìlómítà 10, kálórì 700 nìyẹn. Nǹkan bíi 525 nínú rẹ̀ di ooru. Tí lítà òógùn kan bá gbẹ kúrò lára, ó máa ń kó nǹkan bíi kálórì 580 lọ. Nítorí náà, lítà kan òógùn tó fún kìlómítà 10.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun tí mo sọ: *tí ó bá gbẹ*. Òógùn tó kán sílẹ̀ kò mú ooru kankan lọ. Omi ṣòfò, iyọ̀ ṣòfò, ara ṣì ń gbóná.

Ẹ rántí aṣọ tí ẹ ń sá síta. Nígbà ọyẹ́, kẹ́ ẹ tó yíjú padà, ó ti gbẹ. Nínú oṣù Keje, ó lè wà lórí okùn láti àárọ̀ di alẹ́ kó ṣì máa rùn. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló fa ìyàtọ̀ náà. Tí omi bá ti pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, kò rọrùn fún omi mìíràn láti wọ inú rẹ̀. Awọ ara wa ò yàtọ̀ sí aṣọ yẹn. Ìdí nìyí tí òwúrọ̀ Èkó fi máa ń tanni: oòrùn ò tíì mú, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin pọ̀, òógùn ò sì gbẹ bó ṣe yẹ.

Bí ẹ bá rò pé mò ń sọ àsọdùn, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Doha, ní orílẹ̀-èdè Qatar, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019. Wọ́n gbé máratọ́ọ̀nù àwọn obìnrin sí ọ̀gànjọ́ òru nítorí ooru. Síbẹ̀, ìwọ̀n ooru lé ní 30°C, ọ̀rinrin sì kọjá ìdá 70 nínú 100. Obìnrin 68 ló gbéra, àwọn tó dára jù lágbàáyé. Àwọn 40 péré ló parí. Ruth Chepngetich ọmọ Kenya tó gba wúrà lo wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 32. Lóṣù Kìíní ọdún yẹn kan náà, ìṣẹ́jú 17 lórí wákàtí 2 ló fi sáré ní Dubai. Ẹsẹ̀ kan náà, ọdún kan náà. Ooru àti ọ̀rinrin fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 kún un. Tí ooru bá lè ṣe ìyẹn fún akọni, kí ló máa ṣe fún èmi àti ẹ̀yin?

Ara ṣeé kọ́

Ìròyìn ayọ̀ wà o. Ara lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ooru gbé. Tí ẹ bá ń sáré wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú ooru fún ọjọ́ 10 sí 14, nǹkan mẹ́ta máa ń yí padà. Omi inú ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i, ọkàn ò ní máa lù kìkì bíi ti tẹ́lẹ̀. Òógùn á tètè jáde, kó tó di pé ara gbóná jù. Iyọ̀ inú òógùn á sì dínkù, torí ara ti kọ́ láti fi iyọ̀ rẹ̀ pamọ́.

"Ṣebí Èkó ni mò ń gbé, ooru ti mọ́ mi lára." Òótọ́ ni, díẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé inú ọ́fíìsì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù lẹ ń jókòó sí, tó sì jẹ́ pé aago márùn-ún ìdájí nìkan lẹ ń sáré, ara yín ò tíì kọ́ eré aago mọ́kànlá. Nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ gbé méjì tàbí mẹ́ta nínú àwọn eré kékeré yín sí aago mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án àárọ̀. Ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Ẹ má dá nìkan lọ, ẹ má sì ṣe é ní ọ̀sán gangan.

Láti oṣù Kẹwàá dé oṣù Kejì

Tí ẹ bá ti lè sá kìlómítà 5 láìdúró, oṣù mẹ́rin tó láti múra. Ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ ti tó: eré kékeré mẹ́ta, àti eré gígùn kan ní òpin ọ̀sẹ̀.

- Oṣù Kẹwàá: eré gígùn yín á wà láàárín kìlómítà 8 sí 12.
- Oṣù Kọkànlá: 13 sí 18.
- Oṣù Kejìlá: 19 sí 24. Ọyẹ́ lè ti dé. Tí eruku bá bo ojú ọ̀run, ẹ dín eré kù, tàbí kẹ́ ẹ fi ọjọ́ yẹn sinmi.
- Oṣù Kìíní: 26 sí 30. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì péré lẹ nílò láti sá 30.
- Ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn: ẹ dín gbogbo rẹ̀ kù sí ìdajì, lẹ́yìn náà sí díẹ̀ bíńtín.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin-kẹrin, ẹ dín kìlómítà kù kí ara lè tún ara rẹ̀ ṣe. Ìgbà ìsinmi ni iṣan ń le sí i, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá ń sáré. Ẹ sá eré gígùn náà débi tí ẹ ti lè máa sọ̀rọ̀. Tí ẹ ò bá lè sọ odidi gbólóhùn kan láìmí gúlegúle, ẹ ti yára jù.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ náà ṣe pàtàkì ní àdúgbò ilé iṣẹ́ bíi tiwa. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ ń mí nǹkan bíi lítà 6 sí 8 afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó ń sáré lè mí lítà 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èéfín tírélà tí ẹni tó dúró ní búsítọ́ọ̀pù fà sínú, ẹ̀yin ń fà á ní ìlọ́po mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Torí náà, ẹ yàn àwọn òpópónà inú. Apá Alausa náà dára ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, torí ọ́fíìsì ìjọba ti pa. Ẹ wọ aṣọ tó mọ́lẹ̀ kedere, ẹ sì máa kojú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, kó má baà wá yín lẹ́yìn.

Pure water mélòó?

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà jù.

Gbogbo èèyàn ló máa sọ fún yín pé, "Mu omi dáadáa o!" Ìmọ̀ràn yẹn dára, ṣùgbọ́n ó lè pa èèyàn tí wọ́n bá ṣe é ju bó ṣe yẹ lọ. Ní Boston ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn 488 tó sá máratọ́ọ̀nù ibẹ̀ wò. Ìdá 13 nínú 100 wọn ni iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ti àwọn mẹ́ta tiẹ̀ burú débi tó lè mú ẹ̀mí lọ. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó sá eré ọdún yẹn kú nítorí ìṣòro yìí gan-an. Hyponatremia ni àwọn dókítà ń pè é.

Báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀? Ẹ ronú nípa ọbẹ̀. Tí ẹ bá ń da omi sí i láìfi iyọ̀ kún un, ó ń di òṣì. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ yín: òógùn ń kó iyọ̀ lọ, ẹ̀yin ń da omi lásán sí i. Omi náà á wá máa wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á wú. Ọwọ́ wú, kò burú púpọ̀. Ọpọlọ wú, tí agbárí ò sì fàyè gbà á, wàhálà ni.

Ta ló wà nínú ewu jù? Ìwádìí Boston yẹn fi hàn pé àwọn tó lo ju wákàtí 4 lọ ni, àti àwọn tí ara wọn wúwo sí i lẹ́yìn eré ju ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ. Ẹ tún rí i báyìí? Àwa tó ń bọ̀ lẹ́yìn náà ni. A lọ́ra, a ráyè dúró nídìí tábìlì omi kọ̀ọ̀kan, a sì ń rò pé à ń ṣe dáadáa.

Torí náà, ẹ má méfò. Ẹ wọn ọ́n. Ẹ ṣe báyìí ní ọjọ́ eré gígùn:

1. Ẹ tọ̀, ẹ bọ́ aṣọ, kẹ́ ẹ wọn ara yín. Ká ní ó jẹ́ kìlógíráàmù 65.0.
2. Ẹ sáré fún wákàtí kan. Ká ní ẹ mu pure water kan, lítà 0.5 nìyẹn.
3. Ẹ nu òógùn kúrò, kẹ́ ẹ tún wọn ara yín. Ká ní ó di 64.4.

Kìlógíráàmù 0.6 ló lọ, pẹ̀lú 0.5 tí ẹ mu. Lítà 1.1 òógùn ni ẹ làágùn ní wákàtí kan.

Kò pọn dandan kẹ́ ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀. Tí ohun tó lọ kò bá ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara yín, kò séwu. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, lítà 0.4 sí 0.8 ní wákàtí kan ti tó, ìyẹn pure water kan sí kan ààbọ̀. Ẹ jẹ́ kí òùngbẹ máa darí yín. Òfin kan ṣoṣo tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ ni pé ẹ ò gbọ́dọ̀ wúwo sí i lẹ́yìn eré. Tí ìwọ̀n yín bá lọ sókè, ẹ ti mu omi jù.

Iyọ̀ ńkọ́? Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá wa. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò fún ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, sáyẹ́ǹsì gidi ni. Nínú ìfun, iyọ̀ àti ṣúgà jọ ń gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé ni, omi á sì tẹ̀ lé wọn. Lítà omi kan, ṣíbí tíì ṣúgà 6, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Ẹ gbé e dání ní eré gígùn, kẹ́ ẹ wò ó bóyá inú yín gbà á. Ṣùgbọ́n iyọ̀ yìí ò ní kẹ́ ẹ máa mu omi àmujù o.

Epo tó máa tán ní kìlómítà 30

Ara máa ń tọ́jú ṣúgà sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀. Glycogen lorúkọ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bíi kálórì 2,000. Fún ẹni kìlógíráàmù 70, máratọ́ọ̀nù fẹ́ nǹkan bíi 2,950. Ẹ rí i pé epo ò dé ilé. Ọ̀rá ara wà láti fi kún un, ṣùgbọ́n ọ̀rá kì í tètè jó. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn fi máa ń wúwo bí òjé lẹ́yìn kìlómítà 30.

Ọ̀nà méjì la fi ń bọ́. Èkíní, ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú eré, ẹ fi kún ìrẹsì, iṣu, ẹ̀bà àti búrẹ́dì Agége wa. Ẹ dín ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ata kù ní ọjọ́ tó ṣáájú, kí ikùn má baà dà yín láàmú lójú ọ̀nà. Èkejì, ẹ máa jẹ nǹkan bí ẹ ṣe ń sáré: gíráàmù 30 sí 60 ṣúgà tàbí sítáàṣì ní wákàtí kan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan ní nǹkan bíi 25. Dàbínù kékeré márùn-ún tàbí mẹ́fà ní nǹkan bíi 30. Ohun tí ẹ ò bá tíì jẹ rí ní ọjọ́ ìdárayá, ẹ má jẹ ẹ́ ní ọjọ́ eré.

Kẹ́ ẹ tó forúkọ sílẹ̀

Tí àyà bá máa ń dùn yín, tí ẹ bá ti dákú rí níbi eré, tàbí tí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ lọ rí dókítà ná. Ẹ tún mọ genotype yín. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS. AS kì í ṣe àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, AS sì lè sáré. Ṣùgbọ́n nínú ooru àti àṣejù, ara AS lè dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Tí ẹ bá jẹ́ AS, ẹ fi díẹ̀díẹ̀ gòkè, ẹ má bá ẹnikẹ́ni díje, tí iṣan bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro yín tàbí kó rẹ̀ yín lódì, ẹ dúró kíá.

Ẹ má sì gbé oògùn ara ríro bíi ibuprofen mì kẹ́ ẹ tó gbéra. Ó lè pa kíndìnrín lára nígbà tí ara bá ti gbẹ.

Tí ẹ bá rí ẹni tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tó ń sọ ìsọkúsọ, tí ara rẹ̀ sì gbóná janjan, ooru ti wọ̀ ọ́ lọ́pọlọ. Ẹ gbé e sí abẹ́ òjìji, ẹ da omi tútù sí i lára, ẹ fi yìnyín sí i, ẹ máa fẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ sì pe àwọn elétò ìlera. Ẹ tutù ú ná kẹ́ ẹ tó gbé e. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹni tó ti ń mu omi láti àárọ̀, tó ń bì, tí ìka rẹ̀ wú, tí orí ń fọ́ ọ, ẹ má fún un ní omi mọ́. Ilé ìwòsàn ló kàn. Ní Èkó, 767 tàbí 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì.

Ọjọ́ náà gan-an

Nígbà tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ máa lọ ní Surulere, orin á máa dún, gbogbo èèyàn á tú jáde bí omi. Ara á yá yín. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù eré wọn. Eré àsáré kìlómítà 5 àkọ́kọ́ ló ń jó glycogen, òun ló sì ń gbé ooru ara sókè kí oòrùn tó yọ rárá. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ lọ́ra ju bí ẹ ṣe rò pé ẹ lè sá lọ. Ẹ máa rìn níbi tí wọ́n ti ń pín omi. Ẹ da omi sórí àti ọrùn. Omi ara òde náà máa ń gbẹ, ó sì ń mú ooru lọ bíi ti òógùn, láì jẹ́ pé iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ dínkù.

Tó bá sì di pé orí ń yí yín, tí òtútù ń mú yín nínú oòrùn, ẹ jáde kúrò nínú eré. Oṣù Kejì ọdún tó ń bọ̀ á tún dé, Acme Road ò sì ní sá lọ.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ tó ra bàtà tuntun, ẹ wá òṣùwọ̀n kan yá. Ẹ wọn ara yín, ẹ sáré wákàtí kan, ẹ tún un wọ̀n, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀. Ibẹ̀ ni máratọ́ọ̀nù yín ti bẹ̀rẹ̀.